Díráyà àbí okùn ìsáṣọ: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta díráyà, ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tó wà nínú aṣọ tí ẹ fẹ́ kó gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Aṣọ òwú tó wọn kìló 5 nígbà tó gbẹ máa ń mu omi tó bíi líítà 5 dání bí a bá fi ọwọ́ fún un. Omi inú rẹ̀ wúwo tó aṣọ fúnra rẹ̀. Ẹ ju aṣọ yẹn kan náà sínú ihò kejì ẹ̀rọ ìfọṣọ oníhò méjì, èyí tó ń yí tó ìgbà 1,300 sí 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, líítà méjì ààbọ̀ péré ló máa kù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Iná tó jẹ kò tó ₦10.

Orí líítà méjì ààbọ̀ tó kù yẹn ni ìjà wà. Omi kì í fò kúrò lára aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́: oòrùn ló ń sanwó rẹ̀, tàbí atẹ́gùn, tàbí ẹni tó ni mítà. Líítà kan ń gba ooru tó tó 0.65 yúníìtì kó tó gbẹ tán. Díráyà tó ń lo hítà máa ń ṣòfò nínú ooru rẹ̀, nítorí náà ẹ kúkú kà á sí yúníìtì kan fún líítà kan. Díráyà oní-heat pump, tó ń gba ooru rẹ̀ padà lò, lè fi 0.4 yúníìtì ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká fi owó Band A wò ó, ti àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná tó wákàtí ogún lójúmọ́, ₦209.50 fún yúníìtì kan, iye tí wọ́n gbé e sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Aṣọ kìló 5 tí a fọwọ́ fún, nínú díráyà oníhítà: nǹkan bí ₦1,050. Aṣọ kan náà tí ẹ̀rọ ti bá yín fún: nǹkan bí ₦525. Tí ẹ̀rọ fún, tó wá wọ inú heat pump: ₦210. Bí iye ti mítà yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi tiyín rọ́pò, ìṣirò náà kò yí padà.

Ìdájọ́ wa àkọ́kọ́ nìyẹn, a ò sì ní fi bọpobọyọ̀ sọ ọ́: ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ dáadáa kò tíì dé ibi tó yẹ kó máa wo díráyà. Ihò ìfúnmi tó wà lára ẹ̀rọ oníhò méjì ń ṣe ìdajì iṣẹ́ gbígbẹ ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ aládàáṣe tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, ẹ wo nọ́ńbà tí ẹ fi ń fún aṣọ, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ní 800, omi tó kù á tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ. Ní 1,400, ó ń sún mọ́ 50. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi 800 fún aṣọ ìnura àti jíǹsì nítorí pé bí ẹ̀rọ ṣe wá láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnnì rí.

Mẹ́ta tó wà lọ́jà, àti ìkẹrin tí a ò fẹ́ràn

Èyí tó ti pẹ́ jù lọ́jà ni èyí tó ń tú ooru síta. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń gbé e gba orí hítà, ó ń fẹ́ ẹ sínú àgbá tí aṣọ ti ń yí, ó sì ń tì í jáde gba inú rọ́bà gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni oníná àdúgbò lè tún ṣe, nítorí hítà, bẹ́líìtì, tẹ́mósítáàtì àti fíúsì ooru ni gbogbo ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ wà nínú rọ́bà yẹn. Bí ó bá gùn ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, tàbí tó ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí tí ẹ ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri títí rọ́bà fi tẹ̀ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde. Aṣọ tó yẹ kó gbẹ láàárín wákàtí kan á gba wákàtí méjì, ooru á kó jọ lẹ́bàá hítà, fíúsì ooru á já. Oníná á pààrọ̀ fíúsì, á gbowó, fíúsì á tún já lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nítorí kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ẹnu rọ́bà sílẹ̀ sínú kíṣìnì. Gbogbo omi inú aṣọ yẹn ni ògiri kíṣìnì máa mu.

Oníkọndẹ́ńsà kò ní rọ́bà. Ó ń fi afẹ́fẹ́ yàrá tu afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ lára, kí omi lè kán sínú ike kan tí ẹ máa fà yọ dànù. Ní orílẹ̀-èdè tó tutù, ọgbọ́n gidi ni. Nínú yàrá tó gbóná tó ìwọ̀n 32 ní Èkó lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mú nǹkan tutù fúnra rẹ̀ ò tutù, omi ò tètè kán, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ. Gbogbo iná tó jẹ ló sì ń padà di ooru sínú ilé. Yúníìtì 2.5 nínú yàrá kan náà ni bí ẹni tan hítà oníwáàtì 1,000 fún wákàtí méjì ààbọ̀, kí ẹ wá tan ẹ̀rọ amúlétutù láti fi lé e jáde. Ẹ ti sanwó ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí òjò má ṣáà ti fẹ́ sí i lára, kí ẹ sì máa fa kọndẹ́ńsà rẹ̀ yọ lóṣooṣù, kí ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ ẹ̀gbọ̀n, ìyẹn òwú tó já kúrò lára aṣọ, tó há sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀.

Heat pump ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì wọ́n jù. Fíríìjì ló wà nínú rẹ̀: kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti gáàsì. Apá kan ń gbóná láti gbẹ aṣọ, apá kejì ń tutù láti gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ náà, ooru tó sì gbà níbẹ̀ ló tún ń dá padà sára aṣọ. Ooru inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n 50 lọ, nígbà tí oníhítà lè kọjá 70, nítorí náà aṣọ ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù kò ní fẹ́ràn rẹ̀, torí àgbá tó kún lè gba wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Nǹkan mẹ́ta ló ń pa á. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e wá láti ọjà, kí wọ́n sì tan án lójú ẹsẹ̀: òróró inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti ṣàn lọ síbi tí kò yẹ, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún iye wákàtí tí ìwé rẹ̀ sọ, ẹ ò sì ní jẹ̀bi bí ẹ bá jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Ìkejì, ẹ̀gbọ̀n tó yọ́ kọjá asẹ́ lọ dí irin tútù. Ìkẹta, kí gáàsì jò. Oní-fíríìjì tó mọṣẹ́ lè bá yín wò ó, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó ti ṣí díráyà rí, nítorí páìpù inú rẹ̀ tóóró, ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí kò sì rọrùn láti dé.

Ìkẹrin ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń fọ̀ tó sì ń gbẹ. Ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa: ibi tí wọ́n ti kọ kìló 8 fún fífọ̀, ẹ máa rí kìló 5 fún gbígbẹ. Ẹ máa yọ apá kan aṣọ kúrò kó tó lè gbẹ ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń da omi tútù sínú ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ aṣọ, kí ọ̀rinrin lè kán. Ẹni tó ń ra omi táńkà, tàbí tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kí omi tó dé orí táńkà, kò nílò ẹ̀rọ tó ń mu omi láti fi gbẹ aṣọ.

Iná wa yìí

Díráyà oníhítà ń fa wáàtì 2,000 sí 2,700. Púlọ́ọ̀gì ilé wa, oníẹsẹ̀ mẹ́ta tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà ju ámúpù 13 lọ, ìyẹn nǹkan bí wáàtì 3,000. Ó gbé e, ṣùgbọ́n agbára káká ni. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ gbàrọgùdù, tàbí tí ẹ fi wáyà ìfàgùn onítẹ́ẹ́rẹ́ fa iná dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí púlọ́ọ̀gì ti kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ yọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí kò bá ṣeé dì mú, ẹ yọ ọ́. Ohun tó tọ́ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà tirẹ̀ láti inú bọ́ọ̀dù, láìpín in pẹ̀lú fíríìjì tàbí ẹ̀rọ omi.

Iná tí kò kún náà ní ìwà tirẹ̀. Bí fólítì bá já wálẹ̀ sí 180, hítà tó yẹ kó mú 2,500 wá ní 230 á máa mú nǹkan bí 1,530 wá. Aṣọ kò ní gbẹ lásìkò, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ heat pump kò tilẹ̀ ní lè dìde ní tirẹ̀. Á máa kùn, á máa kú, títí yóò fi jóná. Ó nílò sìtábíláísà, kékeré sì tó o nítorí pé nǹkan bí wáàtì 800 ló ń jẹ. Ti oníhítà ní láti tó kVA 5.

Ẹni tó fẹ́ fi ínfátà ṣe é, ẹ gbọ́: bátìrì 220Ah mẹ́rin ní fólítì 48 kó nǹkan bí yúníìtì 10.5 dání, ìdajì rẹ̀ ni ẹ lè lò bí kò bá jẹ́ lithium. Aṣọ ẹ̀ẹ̀kan péré nínú díráyà oníhítà á jẹ ìdajì ìdajì yẹn. Heat pump ní ọ̀sán gangan, nígbà tí sólà ń ṣiṣẹ́, mọ́gbọ́n wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ti epo bẹntiróòlù ńkọ́? Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí I-better-pass-my-neighbour kò tó wáàtì 1,000, kò lè gbé hítà rárá. Èyí tó lágbára tó láti gbé e á jó epo tó líítà kan tàbí kó lé lórí aṣọ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra epo ṣírò rẹ̀, ẹ ó padà sídìí okùn yín.

Ohun kan wà tí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá láti òkè òkun kì í sọ, nítorí pé iná kì í lọ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ díráyà, afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́. Kì í ṣe àṣejù: aṣọ gbígbóná tó dì pọ̀ lè máa gbóná sí i fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí hítà ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ nínú àgbá pé iná á dé. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ kó o jáde, ẹ tú u ká. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ìnura kíṣìnì tó ti mu òróró, tàbí épírọ́ọ̀nù ẹni tó ń dín ẹran, kò yẹ kó wọ díráyà rárá. Òróró oúnjẹ ń bá afẹ́fẹ́ jà, ó sì ń mú ooru wá. Nínú aṣọ tó dì, tó ti gbóná, ooru yẹn kò ríbi lọ, iná lè sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná. Fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í mú òróró náà tán. Aṣọ tí bẹntiróòlù bá kàn, ọ̀rọ̀ okùn ni, ní gbangba.

Tokunbo

Díráyà tokunbo láti Amẹ́ríkà ni kí ẹ sá fún jù. Lọ́dọ̀ wọn, fólítì 240 ni hítà ń lò, ṣùgbọ́n fólítì 120 ni ẹ́ńjìnnì tó ń yí àgbá àti ojú bọ́tìnnì ń lò, láti inú okùn iná oníwáyà mẹ́rin kan náà, ní 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí oníná bá kàn gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, tó fi tiwa rọ́pò, 240 á wọ ibi tí 120 yẹ kó wọ, ẹ́ńjìnnì á jóná ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ra tiransifọ́mà, 50 Hz tiwa á jẹ́ kó máa yí lọ́ra, kó sì máa gbóná. Oní-gáàsì wọn náà ṣì nílò 120.

Ti Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àti ọdún. Ní 2015, Whirlpool kéde pé ẹ̀gbọ̀n lè ta lé hítà nínú àwọn díráyà kan tí wọ́n ṣe láàárín oṣù Kẹrin 2004 sí oṣù Kẹsàn-án 2015, tí wọ́n tà pẹ̀lú orúkọ Hotpoint, Indesit àti Creda. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, díráyà ló dá iná sílẹ̀ nínú ilé gíga kan ní Shepherd's Bush ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 2019 ni wọ́n tó wá sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá ṣì ní irú rẹ̀ tí wọn ò tíì tún ṣe dá a padà. Bí ẹ bá rí orúkọ wọ̀nyí lára tokunbo, tí lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn ti ya tàbí tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún, ẹ má dúnàádúrà.

Ẹ̀gbọ̀n fúnra rẹ̀ yẹ ní gbólóhùn kan sí i. Aṣọ yín ló ń di ẹ̀gbọ̀n. Ohun tí ẹ ń kó kúrò nínú asẹ́ lẹ́yìn gbogbo aṣọ, òwú tó já kúrò lára ìró àti ṣẹ́ẹ̀tì ni, ìdí sì nìyẹn tí aṣọ fi ń fẹ́lẹ́ nínú díráyà. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò àwọn aláṣẹ panápaná fún 2008 sí 2010 ni pé iná tí díráyà ń dá nínú ilé tó 2,900 lọ́dọọdún, àìkì í nù ún mọ́ ló sì ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á. Ẹ nu asẹ́ ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nítorí ohun tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ máa ń fi ọ̀rá dí ojú rẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé e tí omi ò jò kọjá, afẹ́fẹ́ náà kò kọjá. Ọ̀rá kan náà ń bo irin pẹlẹbẹ méjì tó wà nínú àgbá nítòsí ẹnu ọ̀nà, tó ń mọ̀ bóyá aṣọ ti gbẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń kú nígbà tí aṣọ ṣì tutù, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti ta fínígà sí nu irin méjèèjì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Okùn, bí ó ṣe yẹ kó rí

Okùn ìsáṣọ kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀. Wáyà irin ló wọ́pọ̀, òun ló sì ń fi ìpẹtà ba aṣọ funfun jẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò kò sàn títí lọ. Oòrùn á sán rọ́bà náà, ìpẹtà á sì gba ojú sísán yẹn jáde. Okùn ọ̀rá tó nípọn ló dára, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó jẹ ẹ́ já. Bí ìpẹtà bá ti kan aṣọ, ẹ má da bíláàṣì sí i, á wulẹ̀ dúró wámúwámú ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ wá ṣàn án.

Ẹ gbọn aṣọ kí ẹ tó fi kọ́. Ẹ má ká a sí méjì lórí okùn, nítorí ojú méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn kì í gbẹ. Etí kan ni kí ẹ fi péègì mú. Ṣòkòtò, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fi ìbàdí kọ́ ọ, kí àpò rẹ̀ máa jó nínú atẹ́gùn. Bùbá àti ṣẹ́ẹ̀tì, háńgà. Láàárín okùn kan sí èkejì, ẹ fi tó ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀. Aṣọ funfun, oòrùn gangan. Àdìrẹ àti àǹkárá, ẹ yí inú wọn síta, ẹ sá wọn sí òjìji, nítorí oòrùn ọ̀sán ń jẹ aró. Kí gbogbo rẹ̀ ti wọlé kí ó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tó ti gbẹ ṣáká á tún mu ọ̀rinrin ìrọ̀lẹ́ padà, ẹni tó bá ká a sínú àpótí báyìí ló ń bi aṣọ pé kí ló dé tó ń rùn.

Eṣinṣin kan sì wà, tumbu, tó wà káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ń yé ẹyin sínú iyanrìn òjìji àti sára aṣọ tútù tí wọ́n sá síbi tí oòrùn ò ti mú. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà á wọ ara ẹni tó bá wọ aṣọ náà, á sì wú bí eéwo. Nítorí náà, aṣọ ọmọ ìkókó kò gbọdọ̀ wà lórí koríko tàbí lẹ́yìn ilé níbi tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ní láti sá àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí òjìji, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, títí kan ojú rírán, kì í ṣe ojú aṣọ nìkan. Ooru díráyà oníhítà náà ń pa ẹyin rẹ̀. Ní ti èyí, a gbà pé díráyà borí okùn.

Ọyẹ́ ń gbẹ aṣọ ju díráyà èyíkéyìí lọ. Kùbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan ní ìwọ̀n ooru 30 lè gbé omi gíráàmù 30. Bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún bí ti ọyẹ́ Ìbàdàn, àyè gíráàmù 20 ṣì wà. Ní oṣù Kẹfà ní Èkó, tí ọ̀rinrin lé ní 80, kò ku gíráàmù 6. Yàrá tó gba kùbíìkì mítà 30, tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa, lè gba gíráàmù 180 nínú líítà 2.5 tó wà nínú aṣọ yín. Afẹ́fẹ́ yàrá náà ní láti pààrọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá. Ìdí tí aṣọ fi ń rùn lásìkò òjò nìyí: ó pẹ́ nínú ọ̀rinrin, kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Moraxella osloensis sì rí ààyè pọ̀ sí i nínú òógùn àti ọ̀rá tí ọṣẹ ò mú kúrò. Lọ́fínńdà ò lè lé e. Ẹ fi omi gbígbóná tó ìwọ̀n 60 rẹ aṣọ tó bá lè gbà á.

Fáànù onídùúró ni ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní tí wọn ò rò pé ó jẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Wáàtì 60 ni, wákàtí mẹ́fà rẹ̀ ò tó ₦80 ní Band A. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn, ẹ gbé fáànù sẹ́yìn aṣọ kó máa fẹ́ ọ̀rinrin náà síta, ẹ má kàn fẹ́ ẹ sí ògiri. Bí ẹ bá ń sùn nínú yàrá oní-AC, ẹ fi háńgà kọ́ aṣọ síbẹ̀. Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn AC, ara aṣọ yín ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, nítorí fèrèsé yín kì í ṣí láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ní ìwọ̀n ooru 20, yàrá kan náà kò lè gbà ju bíi gíráàmù 200 lọ kí ọ̀rinrin tó kún un. Líítà méjì tó ṣẹ́ kù, ẹ̀yìn wọ́dìróbù ló ń lọ, ibẹ̀ ni ògiri ti ń bu, tí onílé á sì kọ lẹ́tà pé ẹ̀yin lẹ fà á. Aṣọ lórí radiator ló burú jù. Bí a bá fi yúníìtì kan sí pẹ́ńsì 26: díráyà oníkọndẹ́ńsà á gba nǹkan bí pẹ́ńsì 65 lórí aṣọ kìló 5, heat pump 26. Heated airer, ìyẹn irin ìsáṣọ oníná tó ń gbóná, wáàtì 300 fún wákàtí mẹ́jọ, pẹ́ńsì 62, gbogbo omi rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Ẹ̀rọ dehumidifier, tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ yàrá, wáàtì 200 fún wákàtí mẹ́fà, pẹ́ńsì 31, omi wà nínú ike, ilé sì gbẹ. Fún ẹni tó háyà ilé, tí kò ní àyè fún ẹ̀rọ ńlá, dehumidifier nínú yàrá kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì la yàn. Ẹ ra oníkọ̀mpírẹ́sọ̀ bí yàrá bá ní ooru. Nínú gáréèjì tó tutù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, heat pump náà kò sì fẹ́ ibẹ̀.

Àwọn aṣọ tí kò gbọdọ̀ wọ díráyà, níbi yòówù kí ẹ wà: aṣọ òkè, àrán, léèsì tó ní òkúta tàbí sẹ́kíìnì, gínnì tí ẹ ti fi sítáàṣì sí, gèlè, ohunkóhun tó ní rọ́bà ìbàdí tí ẹ ṣì fẹ́ kó fà. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì: onígun mẹ́rin tó ní róbótó nínú ni àmì díráyà. Ẹyọ àmì kan nínú róbótó túmọ̀ sí ooru 60, méjì túmọ̀ sí 80, èyí tí wọ́n fa ìlà kọjá lójú rẹ̀ kò gbà á rárá. Aṣọ ìnura nìkan ni díráyà ń ṣe lóore tí okùn ò lè ṣe. Ó ń mú un rọ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ rà á ní Alábà, ẹ má gba “ó ń ṣiṣẹ́” lẹ́nu ẹni tó tan iná tó sì jẹ́ kí àgbá òfìfo yí. Ẹ mú aṣọ ìnura méjì tí ẹ ti rẹ, tí ẹ sì ti fún, lọ sọ́jà. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún. Ẹ fọwọ́ kan gíláàsì ilẹ̀kùn, ó yẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ tẹ́tí sí ìró: kíkùn kan náà láìdáwọ́ dúró dára, gbígbá gbì gbì gbì túmọ̀ sí pé táyà kékeré tó gbé àgbá dúró ti jẹ lápá kan. Ẹ fa asẹ́ yọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá rí dúdú jíjóná tàbí ike tó ti yọ́ níbẹ̀, ẹ kó aṣọ ìnura yín, ẹ máa lọ.